Ilé tó ní yàrá gíláàsì lẹ́yìn: ṣé ó yẹ kéèyàn fowó lé e l'Óṣogbo?

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Ọ̀ṣun:

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin àgbà ibí yìí. Ilé méjì ni mo ń wò láti mú ọ̀kan. Bọ́ngálò ni méjèèjì, yàrá mẹ́ta-mẹ́ta, pulọ́ọ̀tì kan-kan. Èyí tó wà lápá Ọ̀tà-Ẹfun ní yàrá gíláàsì tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn pálọ̀. Ejẹ́ńtì ń pè é ní konsáfátórì, ó sì ti torí ẹ̀ gbówó lé ilé náà ju ti èkejì tó wà lápá Halleluyah lọ. Fàráńdà lásán ni ti Halleluyah ní.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ nìyí. Yàrá náà gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 3. Bulọ́ọ̀kù ga dé orúnkún, gíláàsì funfun ló gba ibẹ̀ dókè, òrùlé pàápàá gíláàsì ni. Ìwọ̀-oòrùn ló kọjú sí. Ilẹ̀kùn sliding kan ló jáde sí ẹ̀yìnkùlé, kò sí fèrèsé kankan tó ń ṣí. Láàárín òun àti pálọ̀, ojú ilẹ̀kùn ṣì wà, ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti yọ.

Ṣé èèyàn lè jókòó nínú nǹkan yìí lọ́sàn-án oṣù kẹta? Ṣé ó ń gbé iye ilé sókè lóòótọ́? Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó kówó kalẹ̀?

Ayàwòrán_Ilé:

Ẹ kú ìmúra o. Bí òrùlé yẹn ṣe wà, kò sẹ́ni tó máa jókòó síbẹ̀ láti aago mọ́kànlá títí dìrọ̀lẹ́ lóṣù kẹta, àfi ẹni tó bá ń wá ibi tí yóò ti làágùn.

Ìṣirò ẹ̀ kò le. Òrùlé náà jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 12. Lọ́sàn-án tójú ọ̀run bá mọ́, oòrùn máa ń da nǹkan bí wáàtì 800 lé mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan lórí, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà míì. Gíláàsì funfun tó jẹ́ ẹyọ kan máa ń jẹ́ kí nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ẹ̀ wọlé. 12 lọ́nà 800 lọ́nà 0.8, ó lé ní wáàtì 7,600. AC 1.5 hp tó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, nǹkan bíi wáàtì 3,500 ooru ló lè kó jáde. Èyí já sí pé AC méjì tó ń sáré láìsinmi kò tíì kápá òrùlé nìkan, ká má tíì dé orí ògiri gíláàsì tó kọjú síwọ̀-oòrùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á sì máa fa iná tó lé ní wáàtì 1,000. Ẹ fi wé iye yúníìtì tẹ́ ẹ máa ń rà.

Ìdí tí ooru yẹn kì í fi í jáde ni pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló gba inú gíláàsì wọlé. Nígbà tó bá ba ilẹ̀ àti àga, ó ti di ooru, irú ooru bẹ́ẹ̀ kì í sì í lè gba inú gíláàsì náà padà bó ṣe wọlé. Afẹ́fẹ́ tó gbóná náà kò rọ́nà lọ. Mọ́tò tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé ẹ̀ pa sínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìgbọ̀nà, ohun kan náà ló ń ṣe é.

Àwọn kan á ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún ìgbà ọyẹ́, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ mú nígbà yẹn." Kò rí bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Òṣogbo ò jìnnà sí agbedeméjì ayé. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn máa ń dúró ṣánṣán lórí wa lọ́sàn-án gangan: ní nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù kẹrin àti níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Nínú oṣù kejìlá tó bá tẹ̀ sí gúúsù, ó ṣì máa ń ga ní nǹkan bí ìwọ̀n 59 lọ́sàn-án. Kò sí oṣù tí òrùlé gíláàsì máa rí ìsinmi.

Òrùlé ni olórí ọ̀rọ̀ nínú gbogbo èyí. Tí wọ́n bá ká gíláàsì kúrò lókè, tí wọ́n fi páànù alumíníọ́mù aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, tí wọ́n fi àjà PVC sí i, tí wọ́n sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa gba àárín páànù àti àjà, ooru tó ń gba òkè wọlé lè má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti tẹ́lẹ̀. Nígbà náà ló tó di yàrá. Ẹ jẹ́ kí òrùlé náà yọ síta ní 60 cm ó kéré tán. Àmọ́ ẹ má gbọ́kàn lé ìyọsíta yẹn fún ìhà ìwọ̀-oòrùn. Lára ògiri tó kọjú sí gúúsù, 60 cm lè ṣíji bo nǹkan bíi mítà kan gíláàsì lọ́sàn-án oṣù kejìlá. Lára ògiri ìwọ̀-oòrùn, tí oòrùn bá ti wálẹ̀ dé ìwọ̀n 30, òjìji 60 cm yẹn kò ní ju 35 cm lọ. Nǹkan tó dúró gbọọrọ ló ń bá oòrùn ìrọ̀lẹ́ jà: kọ́tìnnì ọparun tẹ́ ẹ so síta, àwọn bulọ́ọ̀kù oníhò, tàbí igi. Kọ́tìnnì inú ilé kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án, torí ooru ti wọlé kó tó bá kọ́tìnnì.

Nǹkan kejì tó burú níbẹ̀ ni fèrèsé tí kò sí. Sliding alápá méjì, ìdajì ẹ̀ péré ló ń ṣí. Ẹ ní kí wọ́n fi casement, ìyẹn fèrèsé tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn, sí ọ̀tún àti òsì kí atẹ́gùn lè gba ibì kan wọlé kó gba ibòmíì jáde, kí wọ́n sì fi ihò afẹ́fẹ́ sí òkè lábẹ́ àjà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kì í gba ìsàlẹ̀ jáde.

Títí dìgbà tẹ́ ẹ máa ṣe gbogbo èyí, ẹ dá ilẹ̀kùn pálọ̀ padà. Láìsí ilẹ̀kùn yẹn, pálọ̀ yín àti yàrá gíláàsì ti di yàrá kan ṣoṣo, AC pálọ̀ ló sì máa jìyà ẹ̀.

Tíńtì_Dé:

Ẹ̀gbọ́n Ayàwòrán, ṣé kò ní tán síbẹ̀ tí wọ́n bá lẹ tíńtì dúdú mọ́ gíláàsì òkè yẹn? Owó ẹ̀ ò tó ti páànù.

Oní_Alumíníọ́mù:

Kò ní tán síbẹ̀ o. Tíńtì dúdú kì í lé ooru padà, ṣe ló ń fà á mọ́ra. Gíláàsì lásán tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ nínú á gbóná gan-an láàárín, etí ẹ̀ tó wà nínú férémù á ṣì tutù. Àárín á fẹ́ wú, etí á dì í mú, gíláàsì á sì là láti etí wá. Ó máa ń yá jù tí òjìji ògiri bá bo apá kan. Èyí tó máa ń dán bíi dígí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìta sàn jù ú, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é fún ìta nìkan ló ń pẹ́ nínú oòrùn àti òjò.

Ẹni tó béèrè, èmi á mú ti gíláàsì àti jíjò.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú gíláàsì tó wà lókè. Gíláàsì tó bá wà lórí èèyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ laminated, ìyẹn gíláàsì méjì tí wọ́n fi ike tín-ín-rín lẹ̀ pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nípọn ní 6.38 mm. Tó bá fọ́, ike náà á dì í mú lókè. Tẹ́ ẹ bá wo etí ẹ̀ níbi tí férémù ò ti bò ó, ẹ máa rí ìlà tó gba àárín ẹ̀ kọjá. Tempered máa ń ní òǹtẹ̀ kékeré ní igun kan. Wóró-wóró ló ń fọ́ sí, ṣùgbọ́n gbogbo wóró yẹn ló máa dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ ò bá rí ìlà, tẹ́ ò sì rí òǹtẹ̀, ẹ gbà pé 4 mm tàbí 5 mm lásán ti fèrèsé ni. Ìyẹn máa ń fọ́ sí abẹ, kò sì yẹ kó wà lókè orí ẹnikẹ́ni. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò ní oṣù kẹta sí ìkẹrin lè gbé ẹ̀ka igi dà sí i, máńgòrò ọ̀dọ̀ aládùúgbò nìkan sì tó fún un.

Ẹ wo ìsọ̀kalẹ̀ òrùlé. Fún gíláàsì, mítà kan gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí 15 sí 18 cm. Tó bá tẹ́jú ju ìyẹn lọ, omi á dúró, erùku ọyẹ́ á dì mọ́ ọn, ewéko tútù á sì hù sí etí rọ́bà.

Ibi tó ń jò jù ni ojú ibi tí òrùlé ti pàdé ògiri ilé. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ á kàn fa sílíkónì sójú ibẹ̀, wọ́n á sì gba owó wọn. Tó bá jẹ́ sílíkónì tó ń rùn bí ọtí kíkan ni, kì í dì mọ́ símẹ́ǹtì dáadáa. Láàárín àsìkò díẹ̀ á ṣí bí èèpo. Kódà sílíkónì gidi kò yẹ kó dá iṣẹ́ yẹn ṣe, torí alumíníọ́mù ń wú, ó sì ń súnkì. Férémù mítà 4 lè fi nǹkan bíi 4 mm yàtọ̀ láàárín òwúrọ̀ òjò àti ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí: wọ́n á fi ẹ̀rọ la ògiri ní ìlà tó jìn tó 25 mm, wọ́n á ki etí páànù pẹlẹbẹ bọ inú ẹ̀, páànù náà á bo ògiri ní 15 cm kó tó tẹ̀ sórí òrùlé, wọ́n á wá fi símẹ́ǹtì tàbí sílíkónì tí kò rùn dí ojú ìlà náà. Ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí páànù yẹn. Tó bá jẹ́ sílíkónì nìkan lẹ rí, ó ń jò tàbí ó máa jò.

Ẹ tún wo ibi tí omi òrùlé ilé gangan ń dà sí. Òrùlé gíláàsì mítà onígun mẹ́rin 12 nìkan, nínú òjò ńlá tó ń rọ̀ ní 100 mm láàárín wákàtí kan, omi lítà 20 ló ń gbà ní ìṣẹ́jú kan. Tí ìdajì òrùlé ilé, ká ní mítà onígun mẹ́rin 60, bá tún ń da tiẹ̀ lé e lórí, lítà 100 míì nìyẹn. Gọ́tà kékeré àti páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ò lè gbé e. Ilé gbọ́dọ̀ ní gọ́tà tiẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò: ẹ fi rọ́bà omi, kì í ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òrùlé, ẹ dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹnì kan wà nínú tó ń wo òkè. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gòkè díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi á ṣàn gba gbogbo ojú, ẹ ò sì ní mọ èyí tó ń jò.

Mo gbọ́ pé àwọn kan á sọ pé kẹ́ ẹ fi polycarbonate, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Danpalon, rọ́pò gíláàsì. Ó fúyẹ́, kì í sì í dà sórí èèyàn, ṣùgbọ́n èyí tó funfun kò yanjú ooru. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó níbòmíì, ojú tí wọ́n fi nǹkan agbóguntoòrùn sí gbọ́dọ̀ wà lókè, àmì máa ń wà lára náílọ́ọ̀nù ẹ̀. Tí wọ́n bá dà á dé, á pọ́n, á sì gbẹ títí á fi máa fọ́ bí èèpo ẹyin. Àwọn ihò inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀ kí omi inú wọn lè ṣàn jáde. Ihò sukúrúù gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju sukúrúù lọ, torí ó ń wú gan-an: ojú kan tó gùn ní mítà 4 lè fi 10 mm gùn sí i láàárín òru àti ọ̀sán.

Alágbàlá:

Ẹ má kó gbogbo ẹ̀bi lé e lórí o. Láti oṣù kẹfà dé ìkẹsàn-án tí òjò kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ, ibi tí gbogbo ilé á máa sá aṣọ sí nìyẹn. Ó dára fún sísá ata àti ewédú náà, bí afẹ́fẹ́ bá lè gbà á kọjá. Ṣùgbọ́n ti òdòdó inú ìkòkò tí ejẹ́ńtì máa ń tọ́ka sí, irọ́ ni. Ewé á jóná lára gíláàsì. Ohun ọ̀gbìn tó ń fẹ́ ìbòòji l'Óṣogbo, nẹ́ẹ̀tì dúdú ló ń fẹ́.

Ohun kan tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀: ẹ má gbé àdìrẹ kọ́ síbẹ̀, ẹ má sì gbé àga aláwọ síbẹ̀. Gíláàsì lásán ò dí gbogbo ìtànṣán tó ń pa àwọ̀ dà. Aró á ṣá. Laminated nìkan ló ń dí púpọ̀ jù nínú ẹ̀.

Ará_Òkè_Òkun:

Ilẹ̀ òtútù ni nǹkan yìí ti wá, ìdí ẹ̀ rèé tí kò fi bá wa mu. Àwọn olówó ilẹ̀ Yúróòpù ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ kí igi ọsàn wọn má baà kú nígbà yìnyín. Ọsàn tí wọ́n ń torí ẹ̀ kọ́lé gíláàsì, ẹ̀yìnkùlé wa ló ń so sí láìsí ẹni tó bomi rin ín.

Kódà ní England, ẹni tó ń ra ilé kì í kàn gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sùn tó wà lára èyí tí wọ́n fi òrùlé polycarbonate àtijọ́ kọ́ ni pé ó tutù jù nígbà òtútù, ó gbóná jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òjò sì ń pariwo lórí ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti ń yọ òrùlé yẹn tí wọ́n ń fi èyí tí ìmọ́lẹ̀ ò gbà kọjá sí i. Lóhùn-ún, ara ohun tó ń yọ ọ́ kúrò lábẹ́ òfin ilé kíkọ́ ni pé kó wà nílẹ̀, kó má ju mítà onígun mẹ́rin 30 lọ, kí ògiri tàbí ilẹ̀kùn tó jẹ́ ti ìta sì wà láàárín òun àti ilé. Ẹ kíyè sí ilẹ̀kùn yẹn. Wọ́n mọ̀ pé tí wọ́n bá yọ ọ́, gbogbo ilé ni òtútù máa wọ̀. Tiwa, ooru ni. Olè náà sì ń bẹ.

Bíríkìlà_Àgbà:

Ẹ káàbọ̀. Wọ́n ti sọ ti òkè, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilẹ̀.

Yàrá tí wọ́n fi kún ilé lẹ́yìn tó ti pẹ́ kì í sábà ní ìpìlẹ̀ tó jìn tó ti ilé. Wọ́n á kàn da kọnkéré sórí ilẹ̀ fàráńdà àtijọ́, wọ́n á to bulọ́ọ̀kù lé e. Ilé ti jókòó tán láti ọdún pípẹ́. Èyí tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó ni. Ó máa fà kúrò lára ilé, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé á sì là. Tó bá tún wà ní ilẹ̀ àbàtà tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí omi ń gbà, á yá jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kékeré yẹn níta, ọkọ́ kan ṣoṣo ti tó. Tẹ́ ẹ bá kan ìsàlẹ̀ kọnkéré kẹ́ ẹ tó dé 30 cm, ìpìlẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ wo ojú ibi tó ti pàdé ilé. Tó bá là lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, ó ń dà síta. Tó bá là dọ́gba-dọ́gba, ó kàn ń rì tàbí ó ń súnkì. Ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Ẹ mú téèpù, ẹ wọn férémù ilẹ̀kùn sliding láti igun dé igun, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó yẹ kí méjèèjì bára mu. Tí ìyàtọ̀ bá ju 5 mm lọ, férémù ti wọ́, ohun tó sì wọ́ ọ ni ilẹ̀ tàbí òrùlé.

Ẹ béèrè ohun tó gbé òrùlé dúró. Férémù fèrèsé kì í ṣe òpó. Tẹ́ ò bá rí òpó kọnkéré tàbí irin níbi igun méjèèjì, a jẹ́ pé gíláàsì ògiri ló ń gbé gíláàsì òrùlé.

Ẹ tún fi ojú wo ilẹ̀ inú ẹ̀. Ó yẹ kó kéré sí ilẹ̀ pálọ̀ díẹ̀, bóyá 10 cm, kí ilẹ̀ ìta sì kéré sí tiẹ̀ ní 15 cm. Tí gbogbo ẹ̀ bá dọ́gba, ìgbà tí òjò bá gba abẹ́ sliding wọlé, pálọ̀ ló ń lọ tààrà.

Aṣàyẹ̀wò_Ìwé:

Mi ò ní pẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi approved plan ilé náà hàn yín, kẹ́ ẹ wá yàrá yẹn nínú àwòrán. Tí kò bá sí níbẹ̀, láìgbàṣẹ ni wọ́n kọ́ ọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rà á ni ètò ìlú máa bá wí. Ẹ mú survey, ẹ wọn láti ẹ̀yìn yàrá náà dé fẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n léèrè ní ọ́fíìsì ètò ìlú iye àyè tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ládùúgbò yẹn. Yàrá irú èyí ló sábà ń jẹ àyè náà.

Tí ilé bá ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ látọ̀dọ̀ ìjọba, ìyọ̀ǹda gómìnà ṣì pọn dandan kí títà yẹn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978. Tí ohun tó wà lórí ilẹ̀ bá yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á tún un ṣe kẹ́ ẹ tó sanwó tán.

Ní ti iye ilé: ẹni tó ń ra ilé l'Óṣogbo ń ka yàrá tí wọ́n ń sùn, kànga tàbí borehole, fẹ́ǹsì, ọ̀nà tó dé ẹnu géètì, àti ìwé. Mi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa san owó yàrá lórí ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè sùn nínú ẹ̀.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Ọ̀ṣun:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ ò ní rẹ̀yìn oore. Mo padà lọ pẹ̀lú téèpù. Gíláàsì òkè ò ní òǹtẹ̀, etí ẹ̀ ò ní ìlà, 5 mm ni. Ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ láti ara ilé dé etí òde, 20 cm lórí mítà 3. Sílíkónì nìkan ló wà lójú ògiri, ó sì ti ń ṣí. Ojú ibi tó pàdé ilé là dọ́gba-dọ́gba, nǹkan bíi 3 mm. Férémù ilẹ̀kùn fi 11 mm yàtọ̀. Kò sí òpó kankan. Kò sí nínú plan, àmọ́ ó jìnnà sí fẹ́ǹsì ẹ̀yìn ní mítà 5.

Ilé náà fúnra ẹ̀ dára, ìyàwó mi sì fẹ́ràn àdúgbò yẹn. Ṣé kí n fi sílẹ̀ ni?

Ayàwòrán_Ilé:

Ẹ má fi ilé sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Ẹ kàn sọ fún ejẹ́ńtì pé fàráńdà lẹ̀ ń rà, pé ó sì ní àtúnṣe lára. Owó tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàá lé lórí ni iye ilé Halleluyah tí ẹ yọ owó òrùlé tuntun kúrò nínú ẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ 20 cm lórí mítà 3, kò tó 7 cm ní mítà kan. Kò bá gíláàsì mu rárá. Tí wọ́n bá ní "wọ́n náwó sí i", ẹ fi àwọn nǹkan tẹ́ ẹ wọ̀n yẹn hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ mú àwòrán yàrá tuntun yẹn lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú, torí tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ kan òrùlé ni wọ́n máa bi yín ní plan.

Bíríkìlà_Àgbà:

Lílà tó dọ́gba yẹn kò burú. Férémù tó wọ́ ni ẹ̀rí pé ẹrù òkè ti wúwo jù fún un. Ẹ má fi páànù sórí ògiri gíláàsì náà. Ẹ ri òpó kọnkéré mẹ́ta mọ́lẹ̀ níta, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láàárín, inṣi mẹ́sàn-án níbùú àti lóròó, irin 12 mm mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ihò wọn á jìn ní 90 cm, ìsàlẹ̀ ẹ̀ á fẹ̀ ní 60 cm. Òpó ló máa gbé òrùlé. Gíláàsì ògiri á kàn máa dí afẹ́fẹ́ ni. Ojú tó là lára ilé, ẹ má fi símẹ́ǹtì dí i o, á tún là. Fóòmù ni kẹ́ ẹ kì sínú, kẹ́ ẹ fi sílíkónì tí kò rùn bo ojú ẹ̀.

Ní ti igi: pẹ̀lú ìyọsíta 60 cm ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, òrùlé náà á di mítà 3.6 ní mítà 5.2. Pákó 2×4 ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 12 mẹ́wàá á tó fún àwọn tó máa dúró ní 60 cm síra wọn, 2×3 mẹ́jọ á tó fún àwọn tó máa dábùú lé e. Àwọn tó máa nà lórí òpó àti lára ògiri ilé, ẹ ka 2×6 mẹ́rin sí i. Ẹ fi Sọ́lígínọ̀mù, oògùn ikán, sórí gbogbo ẹ̀ kí wọ́n tó kàn án, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀, torí ojú tí wọ́n gé ni ikán ń bá wọlé. Páànù 0.55 mm, ẹ ra mítà onígun mẹ́rin 21 nítorí ibi tí wọ́n máa gbé lé ara wọn. Ìsọ̀kalẹ̀ 10 cm ní mítà kan á tó fún páànù. Bóòtì ni kí wọ́n fi de igi mọ́ òpó, kì í ṣe ìṣó, torí ìjì àkọ́rọ̀ òjò máa ń gba abẹ́ irú òrùlé yìí gbé e.

Oní_Alumíníọ́mù:

Kí wọ́n ká gíláàsì òrùlé kúrò kí wọ́n tó gbẹ́ ihò òpó, kí ilẹ̀ tó bá mì má baà dà á sórí àwọn òṣìṣẹ́. Férémù ilẹ̀kùn tó wọ́ yẹn lè padà sípò fúnra ẹ̀ tí ẹrù bá kúrò lórí ẹ̀. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan kẹ́ ẹ tó ra òmíràn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó gíláàsì yẹn lọ lọ́fẹ̀ẹ́. 5 mm lásán ṣeé gé. Mítà onígun mẹ́rin 12 tó wà lókè yẹn á ṣe casement ọ̀tún àti òsì tí wọ́n sọ lẹ́ẹ̀kan, á sì ṣẹ́ kù. Férémù, rọ́bà, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti iṣẹ́ nìkan lẹ máa sanwó fún. Bọ́gúlárì náà ò gbọdọ̀ kéré sí irin 12 mm, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí ojú kan nínú ẹ̀ tó lè ṣí láti inú, nítorí iná.